Fóònù Tó Ń Dún Ní Ẹ̀ẹ̀marùn-ún

Bí ẹ bá ti bá alátùn-únṣe aago gbé rí, ẹ ó mọ̀ pé ẹ̀dá tí kì í lè fojú fo nǹkan ni wọ́n. Wọ́n á tú u, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú, wọ́n á tún béèrè pé ta ló tú u kẹ́yìn. Bàbá Aago ju gbogbo wọn lọ. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni, kò sì tíì sí ọjọ́ kan láyé rẹ̀ tí kò béèrè ìbéèrè tó lé ní ogún. Bí ó bá lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà ni yóò máa wí tẹnu rẹ̀. Bí ó bá wọ ọkọ̀, awakọ̀ á ti ròyìn ìyàwó àti àna rẹ̀ tán fún un kó tó sọ̀kalẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìwé kíkọ, tí tọmọdé tàgbà sì ń pè ní Tíṣà, máa ń sọ pé ọjọ́ tí ikú bá wá mú ọkọ òun, ikú á kọ́kọ́ jókòó dáhùn ìbéèrè ná.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí Bàbá Aago kò rí ẹni bi láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Kí ló dé tí àwọn oníwàádìí kò fi pe Tíṣà?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ọwọ́ Tíṣà ń gbọ̀n. Ọwọ́ tó máa ń kọ lẹ́tà gbọọrọ sójú pátákó, tí àwọn òbí ń fi bá ọmọ wọn wí, kò lè bu ṣúgà sínú tíì mọ́ kí ìdajì má dà sórí tábìlì. Nígbà tí ilé ìwádìí kan nígboro wá kéde pé àwọn fẹ́ dán oògùn ọwọ́ gbígbọ̀n wò, pé tọmọdé tàgbà làwọn ń wá, Tíṣà ní òun á gba fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi kọ ọ́. Bàbá Aago ní kó jẹ́ kí òun bá a kọ ọ́. Ojú tí wọ́n fi ń wo olè ló fi wò ó.

"Èmi? Kí ẹlòmíì bá èmi kọ̀wé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ tú aago yín."

Ó kọ ọ́ tán, ó fi ránṣẹ́. Ìwé tí wọ́n fi dá a lóhùn ní àwọn á pè é lórí fóònù ilé tó kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀.

Oṣù kìíní kọjá, ìkejì tẹ̀lé e. Lákọ̀ọ́kọ́, Tíṣà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: ó ní bóyá wọ́n ṣì ń ka fọ́ọ̀mù náà, nítorí ìwé kíkọ òun dùn ún wò. Nígbà tó yá, yẹ̀yẹ́ tán. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan Bàbá Aago bá a níbi tó jókòó sí ti ìwé tí kò ní nǹkan kan nínú, kálámù lọ́wọ́.

"Wọ́n ti rí bí mo ṣe kọ ọ́ ni," ni ó wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Wọ́n wò ó, wọ́n ní ìyá yìí ti kọjá àtúnṣe, wọ́n sì fi tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá Aago wọnú egungun. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tún nǹkan ṣe, ọ̀rọ̀ wo ló tún burú létí rẹ̀ ju "ó ti kọjá àtúnṣe" lọ? Kò lè sùn dáadáa mọ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà o. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ibi tó ti ń wá ọ̀nà ni ọ̀nà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin kan tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún gbé aago ògiri bàbá rẹ̀ wá. Bàbá Aago kò tíì tú ìdè àkọ́kọ́ lára aago náà tó ti bi í níṣẹ́ tó ń ṣe. Obìnrin náà ní olórí ilé ìwádìí ni òun, pé oògùn ọwọ́ gbígbọ̀n ni àwọn ń dán wò. Háà! Díẹ̀ ló kù kí ìdè bọ́ mọ́ Bàbá Aago lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ra bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan bàbàrà.

"Ṣé ẹ ti rí èèyàn tó?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín. Àwọn ọ̀dọ́ pọ̀. Àwọn tó ti kọjá àádọ́rin ọdún ni ò fẹ́ wá. Mẹ́sàn-án péré ni mo ní. Bí wọn ò bá pé ogójì kí oṣù yìí tó parí, àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa ní àwọn á ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbà pátápátá, ara ọ̀dọ́ nìkan la ó máa dán an wò."

"Ta ló wá máa lo oògùn náà bó bá jáde tán?"

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Àwọn àgbà náà ni."

Ó ní ìyẹn ló jẹ́ kí òun fẹ́ kó gbogbo àwọn oníwàádìí òun jọ, kí àwọn kọ́ bí a ṣe ń fa àgbà mọ́ra. Ó ní òun ń wá àgbà kan tí yóò jókòó láàárín wọn, tí yóò máa sọ òótọ́ fún wọn láì bojú wẹ̀yìn. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Bàbá Aago ti ní òun ń bọ̀. Kò dárúkọ Tíṣà rárá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe aago kì í kọ́kọ́ gbá a lábàrá, etí ló ń fi sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá fún ẹ̀kọ́ náà, ó wọ bàtà tó dán jù. Tíṣà ti wà ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti máa ń yáàrùn ní gbogbo àárọ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Fóònù ilé ní tiẹ̀ wà ní pálọ̀. Fóònù alágbèéká ò bá a mu; bó bá fi ìka kan tẹ nọ́ńbà kan, ọwọ́ á tẹ mẹ́rin mọ́ ọn, ó ti fìgbà kan pe panápaná nígbà tó fẹ́ pe àbúrò rẹ̀.

"Fóònù burúkú yẹn tún dún lánàá," ni Tíṣà wí. "Mo dìde, mo wá ọ̀pá, mo ń lọ, mo ń lọ. Bí mo ṣe ní kí n kan pálọ̀ báyìí, ó dákẹ́ wọ́lọ́. Ìgbà wo ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi?"

"Àfẹ́sọ́nà rẹ ni ń pè. Ó gbọ́ pé mi ò sí nílé."

"Bó bá jẹ́ àfẹ́sọ́nà ni, á ní sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ o, bó bá tún dún lónìí, mi ò dìde mọ́. Orúnkún mi kì í ṣe ohun ìṣeré àwọn aráyé."

Bàbá Aago rẹ́rìn-ín, ó sì jáde lọ. Ẹ rántí ẹ̀rín yẹn o, nítorí òun náà máa rántí rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Òkè kejì ni yàrá tí wọ́n ti fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ wà. Bàbá Aago ka àtẹ̀gùn bó ṣe ń gùn ún: méjìlélógójì. Nígbà tó dé òkè, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó mí, ó sì béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ kó tó kí ẹnikẹ́ni.

"Àwọn àgbà tí ẹ ní wọn ò wá, ṣé ibi tí mo gbà yìí náà ni wọ́n á gbà?"

Àwọn oníwàádìí mẹ́wàá tó wà níbẹ̀ wo ara wọn. Obìnrin aago ògiri náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀gá, mú kálámù, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá Aago fẹ́ràn rẹ̀ látorí ìyẹn lọ.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní kí gbogbo wọn di arúgbó ná, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ méjì méjì tó nípọn, kí wọ́n fi òróró pa jígí ojú wọn, kí wọ́n da ẹ̀wà gbígbẹ sínú bàtà, kí wọ́n wá kọ fọ́ọ̀mù tí àwọn fúnra wọn ń fún àwọn èèyàn. Ẹ ò bá wà níbẹ̀! Ọkùnrin gíga kan, tó ti ń fi ìwé tó kà yangàn láti àárọ̀, fẹ́ ṣí ìgò oògùn, ó yí i títí, ìgò fò mọ́ ọn lọ́wọ́ ó lọ ba aṣọ fèrèsé. Òmíràn kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ní kó kọ àìsàn tó ń ṣe é. Bàbá Aago rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn náà ń rẹ́rìn-ín, ilé ń mì.

Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Ó dáa. Ẹ ti ṣe bí arúgbó, ẹ sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ nǹkan kan. Nínú yín, ta ló ti bi arúgbó kan pé kí ló fẹ́?"

Ẹ̀rín dúró. Ẹnikẹ́ni ò nawọ́.

"Ẹ má bínú, mò ń béèrè ni. Abèèrè kì í ṣìnà."

Ó ní kí wọ́n fún òun ní fọ́ọ̀mù kan. Ojú ìwé mẹ́rìnlá. Ó fa gíláàsì kékeré tí àwọn alátùn-únṣe aago máa ń há mọ́ ojú kan yọ lápò, ó há a mọ́ ojú ọ̀tún, ó sì tẹ̀ ba ìwé náà bí ẹni tó ń wá ìdè tó sọnù.

"Lẹ́tà yìí kéré ju eyín aago obìnrin lọ. Ta lẹ ń fi í pamọ́ fún?"

Ọ̀gá tún kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ọkùnrin gíga yẹn ò dùn mọ́. Ó ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́.

"Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ lẹ́tà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn. Àwọn àgbà ò fẹ́ ni. Kò sí ohun téèyàn lè ṣe fún ẹni tí ò bá fẹ́. Ẹ wò ó fúnra yín."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ìwé kan sì hàn lára ògiri. Kò sí orúkọ èèyàn níbẹ̀, iye ni. Àwọn tó ti kọjá àádọ́rin ọdún, tí àwọn fúnra wọn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́: àádọ́rin. Ó gbà: mẹ́sàn-án. Kò fẹ́: mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Bàbá Aago ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àádọ́rin èèyàn, gbogbo wọn ló wà lórí ògiri yìí. Tíṣà náà ti kọjá àádọ́rin ọdún; bí kò bá sí láàárín mẹ́sàn-án, a jẹ́ pé ó wà láàárín mọ́kànlélọ́gọ́ta. Tíṣà! Obìnrin tó fi ọjọ́ mẹ́ta kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kò fẹ́. Ó fẹ́ pariwo. Ṣùgbọ́n ìwà ẹni kì í fi ẹni sílẹ̀. Ìbéèrè ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù.

"Ta ló máa ń pè wọ́n?"

Ọmọbìnrin kan tó wọ jígí ńlá, tí òróró ṣì wà lójú rẹ̀, nawọ́. Oníjígí ni wọ́n ń pè é. "Èmi ni, sà."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ẹni tí kò bá fẹ́, báwo ló ṣe máa ń sọ ọ́? Ṣé ó máa ń bínú ni, àbí ó máa ń tọrọ àforíjì?"

Oníjígí fi ìka ti jígí rẹ̀ sókè. "Wọn kì í... wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, sà."

"Ó dáa. Díẹ̀ tí wọ́n bá sọ, kí ni?"

"Wọn kì í gbé e, sà."

"Wọn kì í gbé kí ni?"

"Fóònù."

Ọ̀gá fi kálámù sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà rí i pé gbogbo ojú ti yí sọ́dọ̀ òun, ó wá ń sáré sọ̀rọ̀. Ó ní àpótí méjì péré ló wà nínú ìwé orí kọ̀ǹpútà náà, "Ó gbà" àti "Kò fẹ́", kò sì ní jẹ́ kéèyàn lọ sórí ẹni tó kàn bí wọn ò bá fi àmì sínú ọ̀kan. Ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun nìyẹn nígbà tí òun débẹ̀: láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá àárọ̀, jẹ́ kó dún ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, bí wọn ò bá gbé e, lọ sórí ẹlòmíràn, torí orúkọ pọ̀. Ó ní oṣooṣù ni òun ń tún wọn pè lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ìgbà kan tí òun fo ẹnikẹ́ni.

"Àní lánàá, mo tún pè wọ́n," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti fẹ́ máa kéré.

Lánàá. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín àárọ̀ padà sọ́kàn Bàbá Aago, ojú sì tì í. Òun tó ń tú aago ará ayé kiri, ìyàwó òun ń sọ fún òun láti oṣù mẹ́ta pé nǹkan kan ń dún nínú ilé, àfẹ́sọ́nà lòun fi dá a lóhùn! Kò jókòó nílé ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo kó fi etí sí i.

Ó fa aago àpò rẹ̀ yọ, ó ṣí ìdérí rẹ̀. "Ọmọ mi, pe fóònù tó wà lórí tábìlì yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e."

Oníjígí pè é. Ó dún ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, Bàbá Aago sì tẹjú mọ́ ọwọ́ aago.

"Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n," ni ó wí. Ó na aago náà sí ọkùnrin gíga. "Ìwọ, bá mi mú un. Máa kà á."

Ó gbé àga kan lọ sí ìkángun yàrá, ó jókòó, ó wá ń ṣe bí Tíṣà ṣe ń ṣe. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ ló fi í ṣe. Mọ́kàndínláàádọ́ta ọdún ló ti ń wo obìnrin yẹn. Ó mọ̀ ọ́n ju bó ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ lọ. Ó gbé ìwé tó wà lórí itan sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti àga, kò dìde, ó tún tì í, ó dìde. Ó dúró kí orúnkún gbà fún un. Ó wá ọ̀pá. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó fa èkejì tẹ̀ lé e. Ó gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì ìjẹun. Ó yẹra fún etí ẹní tó máa ń ká. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀. Kìkì ohùn ọkùnrin gíga là ń gbọ́, bó ṣe ń ka iye. Nígbà tí ọwọ́ Bàbá Aago kan tábìlì fóònù, kíkà náà dúró.

"Ìṣẹ́jú kan," ni ọkùnrin náà wí, "àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin." Kò yangàn mọ́.

Oníjígí ti fọwọ́ bo ẹnu.

"Nínú àwọn mọ́kànlélọ́gọ́ta," ni Ọ̀gá bi í, "mélòó ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò fẹ́?"

Ó gba àsìkò díẹ̀ kí ó tó rí i nínú ìwé rẹ̀. "Mẹ́rin, mà."

Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta wá ńkọ́? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò yọ ọ́ lọ́kàn ara rẹ̀. Àgbà mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ìgbà mẹ́fà mẹ́fà, tí wọ́n ń dìde lórí àga láàárọ̀, tí wọ́n ń wá ọ̀pá. Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú. Ó ní, "Ọlọ́run má bínú sí wa."

"Ọ̀gá," ni Bàbá Aago wí, "mo fi nǹkan pamọ́ fún yín, ẹ má bínú. Ìyàwó mi wà nínú àwọn tí ẹ kọ pé wọn ò fẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ fọ́ọ̀mù yín. Ó rò pé ẹ rí ìwé rẹ̀ ni ẹ fi sọ ọ́ nù." Ohùn rẹ̀ wá ga wàyí, kò sì pa á mọ́ra mọ́. "Ó rò pé òun ti kọjá àtúnṣe! Ẹ gbọ́ bí? Tíṣà!"

Ọ̀gá dìde. "Bàbá, mo gbọ́. Inú mi bàjẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ò jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ìwé ẹlòmíràn fún yín, ì báà jẹ́ ìyàwó yín."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ fún mi. Ẹ pè é, kẹ́ ẹ bi í."

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Àkókò wọn gan-an. Oníjígí jókòó sídìí fóònù, ó tẹ ibi tí gbogbo yàrá á fi máa gbọ́ ọ, Bàbá Aago sì pe nọ́ńbà ilé rẹ̀ fún un. Ó ń dún. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tó dún ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ìka Oníjígí ti fúnra rẹ̀ na sí ibi tí wọ́n fi ń pa á.

"Fi í sílẹ̀," ni ọkùnrin gíga wí kẹ́lẹ́, kí Bàbá Aago tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹ̀ẹ̀meje. Bàbá Aago ń fojú inú wò ó: ó ti dìde báyìí, ó ń wá ọ̀pá. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀mọkànlá, tábìlì ìjẹun. Ẹ̀ẹ̀mejìlá. Ó yẹ kó ti dé. Ẹ̀ẹ̀mẹtàlá. Kò sí ẹni tó gbé e.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Aago rántí. *Bó bá tún dún lónìí, mi ò dìde mọ́.* Tíṣà kì í sọ ohun tí kò ní ṣe. Ogójì ọdún ló fi kọ́ ọmọ aráyé pé ohun téèyàn bá ti wí ni kó ṣe. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ ọ, kò dìde ni. Bí òun bá ti rò ó jinlẹ̀ láàárọ̀ dípò kí òun máa ṣe àwàdà! Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá. Oníjígí gbójú sókè wò ó, omi ti wà nínú jígí náà pẹ̀lú òróró. Ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún. Bàbá Aago di etí tábìlì mú pinpin.

Fóònù ṣe kẹrẹ. Wọ́n gbọ́ èémí ẹni tó rìn, wọ́n sì gbọ́ bí ẹnu fóònù ṣe ń lu etí tábìlì kọ́kọ́kọ́ lọ́wọ́ tó ń gbọ̀n.

"Ẹ má pa á o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á. Mo ti dé."

Bàbá Aago jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni Oníjígí wí, ó ń gbé itọ́ mì. "Ilé ìwádìí ni mo ti ń pè yín. Èmi nìkan kọ́ ló ń gbọ́ yín, mà, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wà níbí, ọkọ yín náà wà níbí. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́, kí n pa á."

"Ọkọ mi? Kí ló ń wá níbẹ̀? Ó ń bi yín ní ìbéèrè, àbí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

"Mà, lórí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ. A fẹ́ mọ̀ bóyá... a ti kọ ọ́ sílẹ̀ níbí pé ẹ ò fẹ́, mà."

Ohùn tó fi dá a lóhùn, ohùn olùkọ́ ni, èyí tí ogójì ọmọ máa ń gbọ́ láti ẹ̀yìn kíláàsì.

"Ta ló sọ fún yín pé mi ò fẹ́?"

Oníwàádìí mẹ́wàá, ìwé tí wọ́n ti kà ló máa kún yàrá náà, Oníjígí ni gbogbo wọn yíjú sí.

"Ẹ má bínú, mà," ni Oníjígí wí nígbẹ̀yìn, ó ń sunkún gidi báyìí. "Àwa ni. Àwa la sọ ọ́. Ṣé ẹ ṣì fẹ́?"

"Ọmọ yìí, oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀ wá sí pálọ̀, o tún ń bi mí bóyá mo fẹ́. Ọjọ́ wo ni kí n wá?"

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, mà, aago mẹ́wàá. Ìsàlẹ̀ la ó ti rí yín." Ó wo Ọ̀gá, Ọ̀gá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ ò ní gun àtẹ̀gùn. Bàbá wà níbí, a lè ní kí wọ́n bá yín kọ ọ́ sílẹ̀..."

"Kí ẹnikẹ́ni má bá mi kọ nǹkan kan. Ẹ dúró kí n lọ mú kálámù."

Wọ́n gbọ́ tó gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n gbọ́ ọ̀pá, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀pá, tó ń jìnnà lọ díẹ̀díẹ̀ títí wọn ò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́. Kò sí ẹni tó kúrò lójú kan. Ọkùnrin gíga na aago sí Bàbá Aago bí ẹni pé kó máa kà á, Bàbá Aago sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé e, ó fi í sápò. Wọ́n ń retí. Ó pẹ́. Nígbà tó yá, ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀.

"Ó yá," ni Tíṣà wí. "Ẹ máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Mò ń kọ ọ́."